Ohùn Kan Láàárín Èmi àti Hàlímọ̀

Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín orúkọ mi àti orúkọ Hàlímọ̀. Ẹni tí tíṣà bá ti fi pàṣán kọ́ ní dò-re-mí rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ pe Hàlímọ̀ síta: dò, mí, dò. Ẹ wá pe Àdìjátù, èmi nìyẹn: dò, dò, mí, dò. Ẹ gbọ́ ọ? Dò kan péré, níwájú. Dò yẹn ló fẹ́ dójú tì mí lójú gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó, dò yẹn náà ni mo sì fi gba ara mi. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òjòwú, kó pè mí. Àwọn obìnrin ọjà Òkè Àrin ti pè mí ní ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì jọ ń jẹun.

Bashiru lọkọ mi. Bándìmásítà ni àdúgbò ń pè é, nítorí òun ló ń darí bándì àwọn sójà, àwọn tí ẹ máa ń rí lọ́jọ́ ayẹyẹ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun, tí fèrè idẹ wọn ń kọ mànà bí oòrùn bá ti bà á. Sójà ni lóòótọ́, ó lọ sójú ogun, ó sì ní àpá lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kékeré tó fi ń darí fèrè ni ìbọn tiẹ̀. Tó bá gbé e sókè, àwọn ọkùnrin tó ga jù ú lọ á mú èémí wọn dání. Tó bá délé, èmi ni mò ń gbé ọ̀pá.

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Pópó Àgùdà ni ilé bàbá rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà la ṣì ń gbé. Bàbá rẹ̀, Alfa Ubaydullah, ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì fẹ́ gbọ́ ohùn fèrè nínú ilé rẹ̀; ó ní iṣẹ́ Sàtánì ni. Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀lé bándì tó ń sin òkú àwọn Àgùdà kiri. Bí wọ́n bá ti gbé pósí jáde, Bashiru á ti wà lẹ́yìn ẹni tó ń fọn fèrè, á máa wo ìka rẹ̀. Káfíńtà kan tí wọ́n ń pè ní Dáfídì, tó máa ń fọn nínú bándì náà, ló fún un ní fèrè àtijọ́ kan tó ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Alfa rí fèrè yẹn, ó jù ú sínú kànga. Bashiru wọ kànga, ó yọ ọ́. Alfa tún jù ú sínú ọ̀sà. Ni Bashiru bá lọ wọṣẹ́ sójà, kó lè rí fèrè tí ẹnikẹ́ni ò ní lè jù nù, nítorí pé ti ìjọba ni.

Ìlù ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ́ ọ lọ́rùn, torí pé àyà rẹ̀ fẹ̀. Ó ru ìlù yẹn títí ọ̀gá wọn fi bá a lẹ́yìn ilé ìdáná níbi tó ti ń jí fèrè ẹlòmíràn fọn. Ẹ̀rù bà á pé wọ́n máa tì í mọ́lé. Wọ́n gba ìlù lọ́rùn rẹ̀, wọ́n gbé fèrè fún un. Wọ́n mú un lọ sí Làìbéríà nígbà ogun. Ó padà dé, ó gbẹ, kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó di kọ́púrà, ó di sájẹ́ǹtì. Ìgbà yẹn ló wá ra mílíìkì àti ṣúgà fún bárékè ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Òkè Àrin, ó bá ń fi ìka lu agolo mílíìkì kọ́kọ́kọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá sójà, ẹ má fọ́ agolo fún wa o."

Ó ní, "Ẹ má bínú. Ohùn rẹ̀ ló dùn."

Ohùn agolo mílíìkì! Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé wèrè yìí ni n ó fẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi í ṣe bándìmásítà, ó sì ti darí orin níwájú àwọn èèyàn ńláńlá tí ẹ̀yin ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n. Alfa kú láì tíì gbọ́ ọ rí.

Láti Làìbéríà ló ti gbé máàṣì kan, orin tí sójà fi ń yan, bọ̀ nínú orí rẹ̀. Kò fún un lórúkọ. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń pè é ní máàṣì Bashiru, ó ti di èyí tí bándì wọn ń lù níbi gbogbo. Ariwo ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ìlù ńlá á máa gbá ilẹ̀, fèrè ńláńlá á máa kùn. Tó bá wá dé àárín, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ lójijì, fèrè kéékèèké nìkan á máa dá pe: dò, mí, dò. Dò, mí, dò. Ọjọ́ wo ni mo ti ń gbọ́ ọ! Mo fi jó lọ́jọ́ tí a sọ Azeemah, ọmọ wa, lórúkọ. Etí mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi fèrè.

Hàlímọ̀ ló là mí létí.

Ilé bàbá Hàlímọ̀ kọjú sí tiwa gan-an. Ìlọrin ló lọ́kọ sí, ọkọ kú, ó kó ẹrù rẹ̀ padà wálé pẹ̀lú eyín wúrà kan àti ojú tó fi ń wo èèyàn bíi pé èèyàn jẹ ẹ́ ní àlàyé. Kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àdúgbò ṣe rí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, wọ́n gbé mi wá ni. Òun, ọmọ onílé. Ìyàwó ló ń pè mí, n ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, n ó ní, "Ẹ káàárọ̀, àǹtí mi." Mo ti ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo ṣì ń kúnlẹ̀ fún eyín wúrà.

Lọ́jọ́ ìrántí àwọn sójà tó kú, àwa obìnrin àdúgbò lọ dúró ní Òníkan láti wo bándì. Bashiru wà níwájú, ìbàdí rẹ̀ dúró ṣinṣin, inú mi ń dùn bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Máàṣì náà bẹ̀rẹ̀. Ó dé àárín, ó dákẹ́, fèrè mú un: dò, mí, dò.

Hàlímọ̀ gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Mo dé o!"

Àwọn obìnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín. Fèrè tún pè. Hàlímọ̀ tún dáhùn, "Mo ní mo dé! Ẹ má pariwo orúkọ mi mọ́ káàkiri ìlú." Ẹ̀rín ń pa wọ́n, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Mo fetí sí i. Yéè! Hàlímọ̀. Hàlímọ̀. Kò sí ohun mìíràn tí fèrè yẹn ń sọ. Bíi pé ẹnì kan bu omi gbígbóná sí mi láyà ni.

Mo ní, "Àǹtí mi, fèrè ni o."

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ìyàwó, ṣé Bashiru ò sọ fún ẹ ni? Kó tó wọ sójà, abẹ́ fèrèsé mi ló ti ń fọn ọ́n. Lẹ́yìn ìrun àsárì, lójoojúmọ́. Bàbá mi ti da omi sí i lórí rí. Ó nu ojú, ó tún fọn ọ́n."

Láti ọjọ́ yẹn, mo dáràn. Ẹni tí owú ò bá mú rí á rò pé inú ọkàn ni owú ń gbé. Irọ́ ni, etí ló ń gbé. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi dún, ó pe Hàlímọ̀. Fèrè ọkọ̀ ojú omi dún láti ọ̀sà, ó pe Hàlímọ̀. Kódà níbi àsàlátù wa, Alájà tó ń ṣáájú ní kí gbogbo wa tẹ́wọ́, ó ní, "Àdúrà!" Mo gbórí sókè, mo ní, "Ta ló ń pe Hàlímọ̀ níbí?" Wọ́n wò mí títí. Àwọn ọmọ àdúgbò náà ti gbà á sẹ́nu. Bí Bashiru bá ti yọ sí ìta nínú yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́nu bíi fèrè, wọ́n á máa kígbe, "Hàlímọ̀! Hàlímọ̀!" Bàbá náà á sì máa rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín!

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fi dé. Àwọn ọmọ bándì rẹ̀ ní àwọn á ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún un nínú gbọ̀ngàn orin ní Òníkan. Àwọn ọ̀gá sójà ń bọ̀, gbogbo àdúgbò ń bọ̀, máàṣì Bashiru ni wọ́n sì máa fi parí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Hàlímọ̀ ti ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní iwájú lòun á jókòó. Ó ní tí fèrè bá ti pe òun, òun á dìde, òun á jẹ́ ẹ, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni orin.

Kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni orin. Èmi tí mo fọ yúnífọ́ọ̀mù, tí mo dá ọmọ tọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé e láti bárékè kan sí òmíràn, n ó jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ tuntun, obìnrin mìíràn á dìde jẹ́ ìpè ọkọ mi lójú àwọn tí ń pè mí ní ìyàwó Bándìmásítà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kí ni wọn ó máa pè mí?

Mo bá Bashiru níbi tó ti ń fi aṣọ nu bọ́tìnnì yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo máa ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀, pàápàá tí inú bá ń bí mi.

"Bàbá Azeemah, ta ni fèrè yín ń pè?"

"Fèrè kì í pe èèyàn. Fèrè ń dún ni."

"Ó ń dún bíi ta?"

Ó mí sí bọ́tìnnì, ó nù ún. "Àdì, dò mí dò ni."

"Mo mọ dò mí dò! Mo gbọ́ ọ nígbà tí ẹ ń fi kọ́ Abdulafeez, ọmọ bándì yín, ní pálọ̀ yìí, tó ń ṣì í, tí èmi ń tún un ṣe láti ilé ìdáná. Ẹ fi dò kan kún un níwájú."

Ó gbé ojú sókè. Ó wò mí bíi pé mo ní kó lọ fi ọmọ kan kún ọmọ aládùúgbò.

"Níbo?"

"Níwájú. Dò, dò, mí, dò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ní kí ẹ yọ nǹkan kan."

Ó ronú sí i lóòótọ́, mo rí i tí ìka rẹ̀ ń lu orúnkún. Ó wá mi orí. "Kò ṣe é ṣe. Orí dò àkọ́kọ́ yẹn ni ẹsẹ̀ òsì ti ń balẹ̀. Tí mo bá ki òmíràn síwájú ẹ̀, ẹni tó ń yan á kọsẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó kọsẹ̀!"

"Sójà?"

"Ṣé sójà ò lẹ́sẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sí bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí. Ká ní ó bínú, ká ní ó ní, "Hàlímọ̀ kọ́ o, ìyàwó mi," n bá ti sùn. Ó nu bọ́tìnnì títí ó fi ń dán bí eyín wúrà.

Azeemah, ọmọ mi, ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ìyá yẹn ti dàgbà."

Mo ní, "Ó dàgbà, ó sì ń lọ sí ìjókòó iwájú."

Mo ránṣẹ́ pe Abdulafeez sí ṣọ́ọ̀bù. Sájẹ́ǹtì ni, olórí àwọn tó ń fọn fèrè kéékèèké. Ohun tó bá fọn làwọn yòókù ń fọn. Ó wọlé, ó tẹríba láàárín páálí ìndómì àti páálí mílíìkì, igbá orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Mo sọ ohun tí mo fẹ́.

Ó ní, "Háà! Mummy, ẹ fẹ́ pa mí ni? Ọ̀gá á gbọ́ ọ kí n tó fọn ọ́n tán."

"Tó bá fi máa gbọ́ ọ, o ti fọn ọ́n."

"Kọ́ọ̀tù sójà ni wọ́n máa gbé mi lọ o."

"Nítorí dò? Wọ́n á jókòó, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á ní ọ̀gbẹ́ni yìí jí dò?"

"Mummy, mi ò lè ṣe é. Ọ̀gá ló kọ́ mi."

Mo gbé àga, mo jókòó. "Abdulafeez. Lọ́jọ́ yìgì ẹ, tí àwọn ará ilé ìyàwó ẹ ní àwọn ò mọ ìran ẹ, ta ló jókòó bí ìyá ẹ?"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin ni."

"Ta ni mo sọ pé mo jẹ́?"

"Ẹ ní ẹ̀yin lẹ bí mi."

"Èmi tí mo parọ́ lójú lèmọ́mù, tí mo ní mo bí gbọ́ọ́rọ́ bí ìwọ yìí, o ò lè parọ́ dò kan fún mi?"

Ó nu òógùn. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni o, Mummy." Mo ní, "Títí orin á fi tán." Ó ń ṣe *wàhálà, wàhálà* lábẹ́ ẹnu títí ó fi jáde, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi ahọ́n dán an wò: dò, dò, mí, dò. Mo kàn ń gbọ́ orúkọ ara mi láàárín ọjà, omijé fẹ́ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọ̀gá sójà wà lápá ọ̀tún, àwa ẹbí lápá òsì, àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó kún òkè fọ́fọ́. Hàlímọ̀ jókòó síwájú bó ṣe wí, ó wọ léèsì àwọ̀ ewé, ó sì ti tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sáré. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Ìyàwó, o mà rẹwà. Ta ló dì ẹ́ ní gèlè?" Mo ní, "Èmi ni, àǹtí mi." Ó ní, "Ó hàn."

Ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n yìn ín. Wọ́n sọ bó ṣe di bándìmásítà, wọn ò sọ ti kànga. Bashiru bọ́ síwájú bándì, ó kẹ̀yìn sí wa, ó gbé ọ̀pá sókè. Máàṣì náà bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ bàtà mi. Mo wo ẹ̀yìn ọkọ mi, ẹ̀yìn tó tọ́, ọrùn tó ti ń funfun, mo sì bi ara mi léèrè pé ta ni ọkùnrin yìí ń rò nínú orí rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Ìlù dákẹ́. Hàlímọ̀ tún gèlè ṣe, ó gbé ìdí nílẹ̀.

Fèrè mú un: dò, *dò*, mí, dò!

Mo rí i tí ọ̀pá Bashiru dúró lókè, bí ọwọ́ ẹni tí agbọ́n ta. Ìṣẹ́jú àáyá ni, ó tún ń lọ. Hàlímọ̀ wà ní agbedeméjì, kò jókòó, kò dìde. Fèrè tún pè: dò, dò, mí, dò! Ta ló máa dúró dìgbà tí wọ́n á pe òun lẹ́ẹ̀kẹta? Mo dìde fẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo ké e kí àwọn tó wà ní Ìkòyí lè gbọ́:

"Mo dé o!"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Ó dùn mọ́ mi dé orí èékánná. Fèrè tún fẹ́ pè mí, mo ti ń mú ohùn mi dání láti dáhùn, nígbà tí ọmọ kan tí Ọlọ́run ò jẹ́ kí n mọ ojú rẹ̀ pariwo láti òkè:

"Àlùbọ́sà!"

Mo fetí sí fèrè. Dò, dò, mí, dò. Yéè mi o.

Fèrè ní dò, dò, mí, dò; gbogbo òkè ní, "Àlùbọ́sà!" Fèrè tún ní, ìsàlẹ̀ náà ti gbà á: "Àlùbọ́sà!" Ọ̀gá sójà kan tó gbé irin jìngbìnnì sáyà ń fọwọ́ gbá itan, ó ń nu ojú. Àwọn tó ń fọn fèrè ńlá ń rẹ́rìn-ín sínú fèrè, ohùn rẹ̀ ń jáde bíi ti ewúrẹ́. Èmi ńkọ́? Mo dúró sí àárín wọn, ọwọ́ láyà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n pe àlùbọ́sà tó sì jẹ́.

Hàlímọ̀ ti ṣubú padà sórí àga. Ẹ̀rín ń pa á, eyín wúrà rẹ̀ ń tàn. "Ìyàwó!" ló ń wí, "ìyàwó, dá wọn lóhùn! Wọ́n ń pè ẹ́!"

Mo lè jókòó. Mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó, ó parí fún mi. Mo tún gbé ohùn sókè, mo ní, "Mo ní mo dé o!" Fèrè pè, wọ́n kígbe, mo dáhùn. Fèrè pè, wọ́n kígbe, mo dáhùn. Bí bándì ṣe ń yan jáde nìyẹn, ohun tí Bashiru sọ sì ṣẹlẹ̀: bí wọ́n bá ti dé dò yẹn, ẹsẹ̀ wọn á tàsé, wọ́n á fò díẹ̀ kí wọ́n tó bá ìlù mu. Sójà ń fò tọ́n-tọ́n bí ọmọ tó ń ṣeré. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń bá wọn fò. Wọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí ní Òníkan.

Nígbà tí a délé, oòrùn ò tíì wọ̀. Bashiru bọ́ yúnífọ́ọ̀mù fún ìgbà ìkẹyìn, ó gbé e kọ́ sára ìkọ́ aṣọ, ó jókòó nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó wò mí.

"Abdulafeez ti jẹ́wọ́," ló wí.

"Kò sí ohun tó fẹ́ jẹ́wọ́. Èmi ni mo ní kó fọn ọ́n."

"O ba orin mi jẹ́, Àdì."

"Orin Hàlímọ̀."

Ó wá sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó sọ nírọ̀lẹ́ yẹn pọ̀ ju èyí tó ti sọ nípa Làìbéríà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ní ibì kan wà tí wọ́n ti sin àwọn ọmọ bárékè tiwọn, tí kò sí alfa, tí kò sí pásítọ̀, òjò ń rọ̀, ọ̀gá wọn ní kí ó ṣáà fọn nǹkan kan kí wọ́n tó da erùpẹ̀ sí i. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kó fọn fún òkú sójà fò lọ lórí rẹ̀.

"Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn. Bàbá mi, tó bá fẹ́ kí gbogbo ilé dákẹ́, kò sí ohun mìíràn tó máa ń wí ju 'Àdúrà!' Gbogbo wa á dákẹ́ wẹ́lo. Mo fọn ọ́n bẹ́ẹ̀. Àdúrà. Àdúrà. Àdúrà. Títí wọ́n fi bò wọ́n tán."

Dò, mí, dò. Mo rántí Alájà níbi àsàlátù. Ó yẹ kí n fi mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí.

"Abẹ́ fèrèsé yẹn ńkọ́?" mo ní. "Ṣé àdúrà lẹ ń gbà níbẹ̀?"

Ó fọwọ́ pa orí. "Rárá. Mi ò ní parọ́ fún ẹ lọ́jọ́ tí mo bọ́ṣọ. Lábẹ́ fèrèsé yẹn, nígbà tí mi ò tíì mọ nǹkan kan láyé, Hàlímọ̀ ni."

Mo fa ìrọ̀rí kan mọ́ra.

"Ní Làìbéríà, ó di àdúrà," ló wí.

"Ní Òníkan ńkọ́?"

Ó wò mí, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ní Òníkan, ó di àlùbọ́sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mo ju ìrọ̀rí lù ú. Mo ju èkejì lù ú. Azeemah sáré wọlé, ó rò pé à ń jà.

Ọkàn mi ò balẹ̀, kí ẹ má rò pé ó balẹ̀. Ti Làìbéríà, mo ti fi sílẹ̀ fún àwọn tó kú. Kò sí obìnrin tó máa bá òkú sójà du orin. Ti fèrèsé ni kò lọ. Mo kọjá níwájú ilé Hàlímọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ojú sókè, mo wò ó: fèrèsé onípákó àtijọ́, ọ̀dà ti ṣí kúrò lára rẹ̀. Omi tí bàbá ẹ̀ dà sí i lórí, ibí yìí ló balẹ̀ sí. Ó nu ojú, ó tún fọn ọ́n. Fún ta ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí lẹ́yìn ìgbà yẹn? Èmi, ìka lórí agolo mílíìkì ni mo rí.

Nígbà tí Bashiru kírun àsárì tán, mo bá a. Mo gbé fèrè rẹ̀ fún un, èyí tó jẹ́ tirẹ̀, tí kì í ṣe ti ìjọba.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀," mo ní.

"Lọ síbo?"

"Abẹ́ fèrèsé mi. Pẹ̀lú dò iwájú."

"Nínú síńgílẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Ṣé kóòtù lẹ wọ̀ nígbà tí wọ́n da omi lù yín?"

Ó wò mí, ó rí i pé kì í ṣe eré. Ó gbé fèrè, ó sọ̀kalẹ̀. Mo ti fèrèsé, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó wúkọ́ nísàlẹ̀, tó nu ẹnu fèrè. Ó fọn ọ́n. Àwọn ọmọ àdúgbò ò jẹ́ kó parí kí wọ́n tó ké, "Àlùbọ́sà!" Ó tún fọn ọ́n, àwọn alágbàfọ̀ ní ìkángun òpópó gbè é. Mo gbọ́ fèrèsé onípákó tó ṣí ní òdìkejì, mo gbọ́ ohùn Hàlímọ̀ tó ń béèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn.

N kò yára. Mo jẹ́ kó pè mí, kó tún pè mí, títí ó fi dá mi lójú pé àǹtí mi ti yọrí síta dáadáa, tó sì ti rí ẹni tó dúró, ibi tó dúró sí, àti ibi tó kọjú sí. Ìgbà náà ni mo wá ṣí fèrèsé.

"Mo dé o!"